Ṣé lóòótọ́ ni òtútù Utrecht dà bíi fíríìjì? Ìdáhùn fún àbúrò wa tó ń bọ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà

Àbúrò mi obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn, ó ní yunifásítì kan ní Utrecht, ní Nẹ́dálándì, ti gba òun fún master's, Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, òun àti ọkọ ẹ̀ àti ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta ni wọ́n jọ ń bọ̀. Ó ní ẹ̀rù òtútù ò jẹ́ kóun sùn mọ́. Ẹnì kan ní ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa gbé inú fíríìjì, ẹlòmíì ní irọ́ ni, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo gan-an ni ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe rí láti oṣù dé oṣù, aṣọ wo ni kí n rà, ṣé kí n ti rà á nílé ni àbí kí n dúró dìgbà tí mo bá débẹ̀?" Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ìlú yìí, iṣẹ́ ojú ọjọ́ náà sì ni mo kọ́, ìdí nìyí tí ìdáhùn mi fi máa gùn díẹ̀.

Àbúrò mi, ẹni tó sọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn ò parọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló kàn sọ. Tí wọ́n bá ro gbogbo ọjọ́ oṣù Jánúárì pọ̀, tọ̀sán tòru, tí wọ́n sì pín in dọ́gba, 3.6 dígírì ló máa ń jẹ́ ní De Bilt, ìlú kékeré tó fara ti Utrecht, níbi tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́, fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ò sì yàtọ̀ sí yẹn. Ṣùgbọ́n inú fíríìjì ò ní afẹ́fẹ́, òjò ò rọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní ní kó o máa gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀. Nọ́ńbà tó wà lójú fóònù kọ́ ló máa ń mú èèyàn níbí. Afẹ́fẹ́ ló ń múni, àti kí ara tutù nínú òjò, àti òkùnkùn. Tó o bá ti mọ bó o ṣe máa ṣe mẹ́ta yìí, òtútù fúnra ẹ̀ ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí kò fi le tó bó ṣe yẹ kó le. Wo àwòrán ayé, wàá rí i pé ibi tí Utrecht wà sí àríwá náà ni Saskatoon wà ní Kánádà, àwọn méjèèjì wà ní bíi dígírì 52, àmọ́ ní Saskatoon máínọ́ọ̀sì 30 kì í ṣe ìròyìn fẹ́nì kankan lóṣù Jánúárì. Òkun ló gba Utrecht sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ síbí jù, láti ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá, ó sì ti gba orí omi Àtìláńtíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá kó tó dé. Omi òkun kì í tètè tutù, kì í sì í tètè gbóná, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìgbà òtútù le jù, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìgbà ooru gbóná jù, òun náà ló sì ń kó ìkúukùu àti òjò bá wa lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, tó wá ń ti ìlà oòrùn bọ̀, láti apá Jámánì àti Pólándì, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: nígbà òtútù yìnyín ló máa kó wá, nígbà ooru, ooru gbígbẹ ni. Nítorí náà tó o bá fẹ́ mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni kó o kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílùú Utrecht yìí, Buys Ballot, tó dá KNMI sílẹ̀ lọ́dún 1854, ìyẹn àjọ ojú ọjọ́ Nẹ́dálándì, ló sọ ọ́ di òfin pé tó o bá kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, apá òsì ẹ ni ibi tí ìjì ti ń kóra jọ máa wà. Orí ògiri àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sonnenborgh, láàárín ìlú níbí, ni àjọ náà wà kí wọ́n tó kó lọ sí De Bilt ní 1897. Tó o bá débí lọ wò ó, ó wù mí kó o rí i.

Ó dáa, Sẹ̀tẹ́ńbà tó ò ń bọ̀. Oṣù tó tura ni. Lọ́sàn-án ó lè tó 19 dígírì, oòrùn á ràn, wàá rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó síta tí wọ́n ń mu kọfí, inú ara ẹ á wá máa sọ pé ṣé èyí náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí. Mi ò fẹ́ kó o gba Sẹ̀tẹ́ńbà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n ń sọ pé àwọn á ra jákẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ikọ́ fi mú wọn ní Ọkitóbà. Ọkitóbà ni ewé ń já, ìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí òkun wá, tẹ́ńpíréṣọ̀ á sì já wá sí bíi 11. Lọ́jọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ohun kékeré ló dà bí lójú ẹni tí ò tíì rí i rí, àmọ́ lánàá ilẹ̀ ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, lónìí ó ti ń ṣú ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, kò sì ní dúró níbẹ̀.

Òkùnkùn yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o fojú sí, torí òun ni ẹnì kankan kì í sọ fúnni. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù nínú ọdún ò pé wákàtí kan, agogo mẹ́fà mẹ́fà báyìí loòrùn ń yọ tó sì ń wọ̀, ara wa ti mọ́ ọn láti kékeré. Níbí, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 Dìsẹ́ńbà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún loòrùn máa yọ, kò sì ní tó aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó máa fi wọ̀. Kò tó wákàtí mẹ́jọ. Oòrùn náà ò sì ní gòkè, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló máa rìn gbà bíi pé ó fẹ́ sá pa mọ́, ọjọ́ tí ìkúukùu bá sì bò ó, tó sì pọ̀ gan-an nínú Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà, ńṣe ló máa dà bíi pé ilẹ̀ ò mọ́ rárá. Wàá lọ kíláàsì nínú òkùnkùn, wàá padà sílé nínú òkùnkùn. Oorun á máa kùn ẹ́, oúnjẹ ò ní wù ẹ́ tàbí kó máa wù ẹ́ jù, nǹkan kékeré á máa pa ẹ́ lẹ́kún. Mo ti bá ọmọ wa kan sọ̀rọ̀ tó ti ń gbààwẹ̀ torí ó rò pé ogun ilé ni, ìyá ẹ̀ náà sì ń gbààwẹ̀ nílé, oòrùn ni ọmọ náà ò rí. Jọ̀ọ́, tó bá di Nòfẹ́ńbà, bíṣẹ́ ṣe wù kó pọ̀ tó, jáde láàárín aago méjìlá sí méjì, kó o rìn, kódà tí ìkúukùu bá wà, ìmọ́lẹ̀ ìta ṣì ju ti gílóòbù inú ilé lọ fíìfíì. Tó bá wá wọ̀ ẹ́ lára jù, lọ rí dókítà ìdílé tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, wọn ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan tún wà: àwọn elétò ìlera níbí máa ń gba àwa tí awọ ara wa dú nímọ̀ràn pé ká máa lo vitamin D, 10 microgram lójúmọ́, torí awọ dúdú nílò oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe é fúnra ẹ̀. Kò wọ́n, ó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ẹ náà nílò ẹ̀, bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Ilẹ̀ Nẹ́dálándì tẹ́ bí ẹní, kò sí òkè tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró láti etí òkun títí dé Utrecht. Tí dígírì bá jẹ́ 3, tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà níbí, bíi máínọ́ọ̀sì 3 ló máa rí lára awọ ojú ẹ, kẹ̀kẹ́ tó ò ń gùn náà sì tún ń dá afẹ́fẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù, Utrecht Science Park tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní De Uithof, ìlà oòrùn ìlú ló wà, lẹ́bàá pápá gbalasa. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé láàárọ̀ afẹ́fẹ́ á máa tì ẹ́ lẹ́yìn lọ, inú ẹ á dùn, tó bá wá dìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́, òun náà ló máa dojú kọ ẹ́ títí dé ilé. Gbé e sínú ìṣirò ẹ, má fi ìṣẹ́jú tó o lò láàárọ̀ ṣe òdiwọ̀n tìrọ̀lẹ́ tó o bá fẹ́ lọ gbé ọmọ ní kírẹ́ṣì kí wọ́n tó tì í. Agbòjò ò wúlò, afẹ́fẹ́ á yí i sódì, wàá máa rí egungun wọn nínú garawa ìdọ̀tí lẹ́yìn gbogbo ìjì.

Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí ìjì lè ṣe nílùú yìí, lọ dúró sí gbàgede Domplein láàárín ìlú. Ilé ìṣọ́ ìjọ Dom tó ga ní mítà 112 wà lápá kan, ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ín wà lápá kejì, àyè gbalasa ló wà láàárín wọn. Ilé kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀ o. Ọjọ́ 1 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1674 ni ìjì kan jà, ó wó àárín ṣọ́ọ̀ṣì náà lulẹ̀, wọn ò sì tún un kọ́ mọ́ títí dòní. Nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní ìgbà ooru nìyẹn ṣẹlẹ̀, mo fi sọ fún ẹ ni. Èyí tí àwa fojú rí, ti ọjọ́ 18 Fẹ́búárì 2022 tí wọ́n sọ ní Eunice, ṣe é débi pé gbogbo ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n dá dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà. KNMI máa ń fi àwọ̀ kéde: yẹ́lò ni pé kó o ṣọ́ra, ọ́réńjì ni pé ewu wà, tó bá ti jẹ́ pupa, dúró sílé, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Sìnóò ńkọ́? Èmi náà ti retí ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, tó bá sì bọ́ kì í pẹ́ tó fi ń di ẹrẹ̀. Òru tí omi ń dì lé ní 50 lọ́dún, àmọ́ ọjọ́ tí kò ní yọ́ látàárọ̀ dalẹ́ kéré gan-an. Ìgbà tó le jù lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni Fẹ́búárì 2021, ọjọ́ 7 oṣù yẹn ni ìjì sìnóò dé, lọ́sẹ̀ yẹn omi dì níbi púpọ̀, tọmọdé tàgbà ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí ẹ̀, kí oṣù yẹn sì tó parí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 dígírì níbì kan lórílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì péńpé. Àwọn àgbà tó o bá bá sọ̀rọ̀ á sọ fún ẹ pé ìgbà òtútù ti yàtọ̀ sí tàtijọ́, òótọ́ sì ni. Ìdíje yíyọ̀ lórí yìnyín tó gbajúmọ̀ jù níbí, Elfstedentocht, tó máa ń gba ìlú mọ́kànlá kọjá ní Friesland, ìpínlẹ̀ kan lápá àríwá, ọjọ́ 4 Jánúárì 1997 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, torí yìnyín tó nípọn tó ni ò sí mọ́. Tí wọ́n bá pín gbogbo ọdún dọ́gba, De Bilt jẹ́ 9.8 dígírì láàárín 1971 sí 2000, ó wá di 10.5 láàárín 1991 sí 2020. Ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu kọ́ lójú àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí, àmọ́ ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú bàtà onírin wọn dè é lọ́dọọdún. Ìwọ ní tìẹ, tó o bá rí omi tó dì, má ṣe gbé ọmọ lọ sórí ẹ̀ àfi tó o bá rí i pé àwọn onílẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ tó bá sì mọ́ kedere tí ojú ọ̀nà ń dán bíi pé wọ́n da omi sí i, sọ̀ kalẹ̀ kó o ti kẹ̀kẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ inú ilé díẹ̀, torí ibẹ̀ làwa ọmọ Yorùbá ti ń ṣì í jù. Òtútù á dé, a ó wá fi aṣọ dí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè fèrèsé, a ó máa se ẹ̀wà fún wákàtí mẹ́ta, a ó sá aṣọ tutù sí pálọ̀, kò ní pẹ́ tí omi á máa ṣàn lójú gíláàsì, tí dúdúdúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ògiri lẹ́yìn àpótí aṣọ. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nílé tí mo kọ́kọ́ gbà, gbogbo òtútù yẹn ni mo fi wúkọ́. Àwọn ihò yẹn, ẹ ṣí wọn sílẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé gbàgadà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, kẹ́ ẹ wá tì í, kí hítà máa ṣiṣẹ́ ní 18 tàbí 19 láìdáwọ́ dúró jù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tètè ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó kún fún omi lọ, owó ẹ̀ sì kéré.

Máàṣì àti Épírì, wọn ò ṣe é fọkàn tán. Àwọn onílẹ̀ ní òwe kan tó túmọ̀ sí pé Épírì ń ṣe bó ṣe wù ú. Láàárín wákàtí kan ṣoṣo mo ti rí oòrùn, yìnyín wẹ́wẹ́, òjò, oòrùn tún padà. Síbẹ̀ tí wọ́n bá wọn omi òjò, Épírì ló máa ń kéré jù nínú oṣù méjìlá. Inú oṣù yìí ni ìlú ń jí padà, tó bá di ọjọ́ 27 tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ọba, gbogbo Utrecht á bọ́ síta, wọ́n á tẹ́ òkìríkà sílẹ̀ kárí ìgboro láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn tábìlì tó wà nísàlẹ̀ létí omi Oudegracht á kún. Lóṣù Méè ó ti ń tó 18 sí 19 lọ́sàn-án, àmọ́ òru ṣì lè tutù títí di àárín oṣù náà, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ wọn ò fi ń kó ohun ọ̀gbìn ẹlẹgẹ́ síta ṣáájú ọjọ́ 15 Méè. Tó o bá fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sí bákónì, dúró di ìgbà yẹn. Ìgbà yẹn náà ni àtíkè òdòdó igi àti ti koríko máa ń kún afẹ́fẹ́, imú á máa yún, ojú á pọ́n, èèyàn á rò pé ọ̀fìnkìn ni. Kì í ṣe ọdún tẹ́ ẹ dé ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kẹta ló mú mi. Oògùn ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn kẹ́míìsì.

Júùnù, gbogbo òkùnkùn Dìsẹ́ńbà ló máa san padà fún ẹ. Aago mẹ́wàá alẹ́ á lù kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ á tún ti mọ́ kó tó di aago márùn-ún àárọ̀. Ọmọ ẹ á máa sọ fún ẹ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, òótọ́ ló sì ń sọ. Kọ́tìnnì tó nípọn ni kó o fi sí yàrá ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà ooru ò ju 20 sí 23 lọ, ọjọ́ tó ń tó 25 jẹ́ bíi 28 lọ́dún, èyí tó ń tó 30 ò ju bíi márùn-ún. Wàá sọ pé kí ni 30 jẹ́ lójú ọmọ Ìbàdàn, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 25 Júláì 2019, De Bilt jẹ́ 37.5, Gilze-Rijen ní gúúsù jẹ́ 40.7, kò tíì sí irú ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ilé ibí, kí ooru má baà jáde ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, fèrèsé ńlá, kò sí fáànù òkè, ọ̀pọ̀ jù lọ ò ní ẹ́ẹ̀sì. Ooru tó bá wọlé, ó wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá ti kéde pé ooru ń bọ̀, ra fáànù lọ́jọ́ yẹn, torí lọ́jọ́ kejì kò ní sí lọ́jà mọ́. Lọ́sàn-án ti fèrèsé àti kọ́tìnnì pa, lóru kó o ṣí gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ṣe nílé, àmọ́ òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé bíríkì wọn.

Òjò wá ńkọ́, torí o ní wọ́n sọ fún ẹ pé ojoojúmọ́ ló ń rọ̀. Omi tó ń rọ̀ sí Utrecht lọ́dún, bíi mìlímítà 850, kò tó ti Ìbàdàn tó máa ń lé ní 1,200. Òjò Ìbàdàn á ṣú, á rọ̀, á dá, oòrùn á yọ. Ti ibí, wẹliwẹli ni, kò ní pariwo, kò sì ní lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba fún oṣù méjèèjìlá, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀ tó o bá ka gbogbo wákàtí inú ọdún, wákàtí tí òjò ń rọ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Buienradar, gbogbo èèyàn ló ní in, ó máa fi hàn ẹ́ ìgbà tí òjò máa dé àdúgbò ẹ láàárín wákàtí méjì sí i. Bí òní ti rí ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀ ní í mú babaláwo dífá ọrọọrún, níbí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń wò ó. Wò ó kó o tó gun kẹ̀kẹ́, tó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa fi rọ̀, dúró.

Aṣọ. Má ra kóòtù ńlá ní Ìbàdàn, á kàn jẹ kílò ẹrù ẹ, omi á sì wọ inú ẹ̀. Dé ibí ná, lọ sí ṣọ́ọ̀bù òkìríkà wọn, kringloop ni wọ́n ń pè é, kó o ra jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti omi ò lè gbà kọjá, kó gùn bo ìdí. Ohun tí mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ rà lókìríkà ni ṣòkòtò òjò, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, ẹ ra tuntun. Ìyókù, ẹ máa wọ̀ ọ́ léra wọn: síńgílẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ra, suẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì, torí inú ọkọ̀ ojú irin àti kíláàsì máa ń gbóná, wàá fẹ́ lè bọ́ ọ̀kan. Ohun tó yẹ kó o kó wá láti ilé ni òrí, kó o kó o dáadáa, awọ ara máa ń gbẹ níbí láti Nòfẹ́ńbà títí dé Máàṣì bíi ti ọyẹ́, èyí tí wọ́n ń tà níbí sì wọ́n. Ti ọmọ, ra aṣọ òjò tó bò ó látòkè délẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò, kó o kọ orúkọ ẹ̀ sí wọn, torí kírẹ́ṣì ibí máa ń kó wọn jáde lọ ṣeré nínú òjò, wọn ò sì ní bèèrè lọ́wọ́ ẹ. Nígbà àkọ́kọ́ tó o bá rí i tó ń fò nínú ọ̀gọ̀dọ̀ omi lóṣù Nòfẹ́ńbà, àyà ẹ á já, àmọ́ tó bá ti gbẹ nínú, kò sí nǹkan tó máa ṣe é.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ẹ fi suẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì ọwọ́, ẹ má kó wọn sínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Schiphol, pápákọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ máa bà sí, sí Utrecht ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Utrecht Centraal, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú yìí, tí ẹ wá jáde síta pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, afẹ́fẹ́ ló máa kọ́kọ́ kí yín.